Ẹkún Egbére àti Igbe Ọ̀fàfà

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ẹranko kan kéde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ Linnean ti ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé ọ̀fàfà tí ń gbé inú igbó kìjikìji láàárín Odò Volta ní ilẹ̀ Gánà àti Odò Ọya ní ilẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ ẹ̀yà kan lọ́tọ̀ tí sáyẹ́ǹsì kò tíì fún lórúkọ rí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dendrohyrax interfluvialis, ìyẹn ọ̀fàfà àárín odò méjì. Ọ̀fàfà, tí àwọn kan ń pè ní ọ̀wàwà, jẹ́ ẹranko onírun tí ó tó ehoro ńlá, tí kò ní ìrù kan tí ó hàn sójú, tí èékánná rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pátákò. Bí ó tilẹ̀ jọ òkété lójú ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i, erin ni àwọn onímọ̀ kà mọ́ ìbátan rẹ̀. Inú ihò igi ni ó ń sùn sí lọ́sàn-án, òru ni ó ń jáde wá jẹ ewé, òru náà ni ó sì ń ké. Igbe yìí gan-an ni ó tú àṣírí rẹ̀ fún àwọn olùwádìí, nítorí pé nígbà tí John Oates àti Simon Bearder ń wá àwọn ẹranko òru kiri nínú igbó Nàìjíríà ní ọdún 2009, wọ́n ṣàkíyèsí pé ọ̀fàfà ibẹ̀ ń gbó bí ajá, nígbà tí èyí tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Odò Volta ń han gooro ni tirẹ̀.

Àwọn ìwé ìròyìn òkè òkun gbé ọ̀rọ̀ náà bí ìròyìn ẹranko tuntun. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí wọ́n dàgbà ní ìlú àti abà ẹ̀bá igbó ní ilẹ̀ Oǹdó, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Èkìtì, láti nǹkan bí ọdún 1960 títí di àárín àwọn ọdún 1980, kò dún létí wọn bí ohun tuntun rárá. Ìdáhùn ni ó jẹ́, ìdáhùn tí ó pẹ́ kí ó tó dé, sí ìbéèrè tí gbogbo àdúgbò ti ń fi òru bi ara wọn nígbà kan rí. Ìgbà kan wà tí ohùn kan láti inú igbó lè mú kí ọjà alẹ́ tú ṣáájú àsìkò, kí ìyá ka àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ẹní lẹ́ẹ̀mejì, kí a sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan jiyàn lábẹ́ igi ojúde lórí ohun tí ó ké. Ìgbà náà ti lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ọjọ́ tí ó lọ. Ìròyìn ọdún 2021 ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fura pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ti gbọ́ igbe kankan.

Òru ìgbà náà ní ìrísí tirẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iná mànàmáná ti tàn ní Èkó láti ọdún 1896, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ẹ̀bá igbó ni kò mọ òpó iná títí di àárín àwọn ọdún 1970, àwọn mìíràn kò sì rí i títí tí ìjọba ológun àti ìjọba alágbádá fi gba ipò lọ́wọ́ ara wọn léraléra. Láńtánì oníkẹrosíìnì ni ó ń tàn nínú ilé, wọ́n a sì yí òwú rẹ̀ wálẹ̀ kété tí àlọ́ bá ti parí kí epo má baà tán. Rédíò oníbátìrì ni ohùn ìkẹyìn tí ó máa ń dákẹ́ láàárín agbo ilé, lẹ́yìn èyí tí gbogbo nǹkan yóò pa rọ́rọ́ àfi ìró ìrẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́. Inú ìdákẹ́rọ́rọ́ yìí ni igbe náà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò kọ́kọ́ gbọ̀n bí ìgbà tí ènìyàn ń mi irúgbìn nínú ahá, tí yóò wá di gbígbó, tí gbígbó náà yóò máa yára sí i tí yóò sì máa ga sí i, láti orí igi kan tí ojú kò lè tó. Ohun tí ó ń da ọkàn àwọn ènìyàn rú jù lọ nínú rẹ̀ kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ, ìyẹn ni pé ajá wo ni ó ń gbó lórí igi? Àwọn ìyá àgbà a máa fi ìka ta yíká orí, wọn a ní kí ohun búburú kọjá lórí ilé. Àwọn ọmọdé a sì fa aṣọ bo orí, nítorí pé wọ́n ti gbà gbọ́ pé ohun tí ènìyàn kò bá rí, òun náà kò ní rí ènìyàn.

Orúkọ tí àwọn ará ilé sábà máa ń fún olóhùn òru ni egbére. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu Yorùbá, egbére jẹ́ iwin kúkúrú kan tí ń gbé inú igbó, tí ń gbé ẹní kékeré kan kiri, tí ẹkún kì í sì í gbẹ lójú rẹ̀, débi pé ọmọ tí ẹkún rẹ̀ kò bá lópin a máa gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé ó ń sunkún bí egbére. Ìtàn náà ní ẹ̀ka tí ó dùn mọ́ àwọn àgbàlagbà ju ẹ̀rù rẹ̀ lọ, nítorí wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí ó bá lè já ẹní náà gbà, tí ó sì lè fara da ẹkún olóhun tí yóò máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lóru àti lọ́sàn-án láìjẹ́ pé àánú ṣe é kí ó dá ẹní padà, yóò di olówó rẹpẹtẹ. Iye ọjọ́ tí ènìyàn ní láti fara dà á yàtọ̀ láti ẹnu sí ẹnu. Ní abà kan ó lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ní òmíràn ọjọ́ méje. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ìtàn yìí gbilẹ̀ gan-an ní àkókò tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, pàápàá lẹ́yìn tí ìjọba san àfikún owó oṣù tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí owó Údòjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, nítorí pé àwọn ará abúlé ń rí ẹni tí kò ní oko kòkó, tí kò ta aṣọ, tí kò ta irin, tí ó sì fi mọ́tò tuntun wọ ìlú lójijì. Ẹní egbére ṣe àlàyé tí ìwé ìròyìn kò lè ṣe fún wọn, ó sì lè jẹ́ pé ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ kí ìtàn náà di irọ́.

Ẹgbẹ́ kan wà tí igbe òru kò dà láàmú, ẹgbẹ́ náà sì ni ti àwọn ọdẹ. Ọdẹ òru ìgbà náà máa ń so àtùpà kábáìdì mọ́ iwájú orí, ìyẹn àtùpà tí omi ń kán sórí òkúta kábáìdì nínú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tí ó ń gbiná lè jáde, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ rí kò lè gbàgbé. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà yìí a máa ta sí ojú ẹran nínú òkùnkùn, ojú ẹran yóò sì dá ìmọ́lẹ̀ náà padà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹranko òru ni awọ tín-ín-rín kan wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú wọn tí ń dá iná padà bíi dígí. Láti inú àwọ̀ ojú náà, ìwọ̀n àlàfo tí ó wà láàárín ojú méjèèjì, gíga rẹ̀ sí ilẹ̀ àti bí ó ṣe ń ṣẹ́, ọdẹ tí ó bá mọ iṣẹ́ a máa mọ̀ bóyá ẹtu ni tàbí ẹ̀tà, bóyá ẹranko ni tàbí ọmọ ènìyàn tí ó gbé ògùṣọ̀, kí ó tó gbé ìbọn ṣakabùlà sókè. Bí ó bá gun ègùn, ìyẹn ibùba tí ọdẹ ń ṣe sórí igi láti dúró de ẹran, etí ni ó ń lò ju ojú lọ. Ó mọ ìgbà tí ọ̀fàfà máa ń ké, ó sì mọ igi oníhò tí ó ń gbé, nítorí pé ìdọ̀tí rẹ̀ a máa kó jọ sí ìdí igi náà. Ìjálá, ìyẹn ewì àwọn ọdẹ, kún fún oríkì àwọn ẹranko, níbi tí a ti ń fi ìwà, ìrìn àti ohùn ẹranko kọ̀ọ̀kan sọ ẹni tí ó jẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ìwé tí Adébóyè Babalọlá ṣe lórí ìjálá, èyí tí ó jáde ní ọdún 1966, yóò rí i pé ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ ẹni tí ó ti jókòó ti ẹranko pẹ́.

Ìbéèrè tí ó wá ń dìde ni pé bí àwọn ọdẹ bá mọ̀, kí ni ó dé tí ìlú kò fi mọ̀? Apá kan nínú ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọdẹ kì í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀. Ọdẹ tí ó ní igbó kan tí ẹran pọ̀ sí kò ní èrè kankan nínú kí ó sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé ohun tí ń gbó níbẹ̀ jẹ́ ẹran jíjẹ. Igbó tí a bá gbà pé egbére ni ó ni ín kì í kún fún agégẹdú tàbí olè oko. A lè kà á sí ẹ̀tàn, a sì lè kà á sí ọ̀nà àtijọ́ láti pa igbó mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ méjèèjì pọ̀, nítorí ẹni tí ó ń jẹun láti inú igbó kò fẹ́ kí a pín in. Apá kejì ni pé ìlú fúnra rẹ̀ kò béèrè dáadáa. Nígbà tí bàbá ọdẹ bá sọ ní ojúde pé ọ̀fàfà ni, àwọn olùgbọ́ a mi orí, wọn a tún padà sílé lọ sọ pé bàbá ń fi nǹkan pamọ́ ni, nítorí pé ìdáhùn kúkúrú máa ń já ẹni tí ó ti múra sílẹ̀ fún ìtàn gígùn kulẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí ohun ìyanu náà á fúnra rẹ̀ wọ ìlú. Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ tí kò rántí àárọ̀ kan tí ariwo sọ ní ìkóríta pé wọ́n ti mú ọmọ iwin, tí oníṣòwò fi igbá sílẹ̀, tí ọmọ ilé-ìwé pẹ́ kí ó tó dé kíláàsì. Nínú apẹ̀rẹ̀ tàbí àgò adìẹ tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ lórí, ẹranko kékeré kan a ká jọ mọ́ igi tí wọ́n fi há a mọ́ ibẹ̀. Irun rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ lójú àwọn tí ń wò ó, kò sì ní sá, kò ní gbó, kò ní bunijẹ àfi tí ènìyàn bá fi ọwọ́ kàn án. Ohun tí ó máa ń mú kí ariwo pọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀, tí ó rí gẹ́lẹ́ bí ọwọ́ ọmọ ènìyàn àfi pé ìka kan dà bí èyí tí wọ́n gé kù. Ẹni kan a ní ìjìyà ọ̀run ni, ẹlòmíràn a ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gé e; obìnrin tí ó bá lóyún ni wọn kì í jẹ́ kí ó sún mọ́ ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe ẹranko yìí ní potto, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe dá gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ni, nítorí pé ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ jẹ́ kùkùté lásán láti ìgbà ìbí, kí àtàǹpàkò àti àwọn ìka yòókù lè di igi mú ṣinṣin bí ẹ̀mú. Kì í sáré nítorí pé ohun tí ó fi ń sá fún ọ̀tá ni àìmìra. Àwọn Òyìnbó tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ ti àárín Odò Volta àti Odò Ọya sínú ìwé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ irú ìtara tí ó mú àwọn ará ìkóríta, nítorí pé juju ni wọ́n sọ ọ́.

Ìtara náà kò sì ní àpẹẹrẹ tí ó dára tó ti ilé-ìwé. Láti ìgbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, títí dé ìgbà tí àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ń ṣàkóso sọ ẹ̀kọ́ girama náà di ọ̀fẹ́ ní ọdún 1979, ilé-ìwé tuntun ń hù káàkiri, ìlú sì gbọ́dọ̀ wá ilẹ̀ fún wọn. Ilẹ̀ tí ìlú sábà máa ń yọ̀ǹda ni èyí tí kò sí ẹni tí ó ń jà sí, ìyẹn ilẹ̀ ẹ̀yìn odi, igbó tí a ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, nígbà mìíràn ibi tí a ti ń sin òkú àwọn tí ó kú ikú àìtọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí ìyá wọn ti ń kì nílọ̀ láti kékeré pé kí wọ́n má ṣe wọ irú igbó bẹ́ẹ̀ ni a kó lọ sùn sí àárín rẹ̀, tí a sì pa iná fún wọn ní aago mẹ́wàá alẹ́ nítorí pé epo ẹ̀rọ amúnáwá kò gbọdọ̀ tán.

Níbẹ̀ ni egbére ti gba orúkọ tuntun. Àwọn olùkọ́ àti ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti mẹ́nu ba ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní búṣì-béébì, ìyẹn ọmọ inú igbó, ẹranko kékeré olójú ńlá tí ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka lóru. Kò pẹ́ tí iwin elẹ́ní àti ẹranko olójú ńlá fi di ọ̀kan ṣoṣo lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ìtàn tí ó ti ilé-ìwé kan dé òmíràn, búṣì-béébì a máa sunkún bí ọmọ tuntun lẹ́yìn fèrèsé, ẹni tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn láti ṣàánú rẹ̀ ni yóò sì bá a lọ. Bí ọmọ kan bá sì jí ẹní rẹ̀, gbogbo yàrá ni yóò jìyà. Àwọn ọmọ kíláàsì òkè mọ iyì ìtàn yìí dáadáa. Wọ́n ń fi í mú kí àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní dákẹ́ lẹ́yìn agogo, wọ́n ń fi í gba gààrí àti ṣúgà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n sin òun lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àwọn kan sì ń fi í bo ọ̀nà tí àwọn ń gbà fo ògiri lọ sí ìgboro. Lóru tí igbe bá gbọ̀n láti orí igi, ibùsùn mẹ́rin a fara kan ara wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ, garawa kan á sì di ilé ìtọ̀ fún gbogbo yàrá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní òwúrọ̀, ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan ni ó máa ń ṣàlàyé jù.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó yẹ kí a dúró tì. Àwọn ẹ̀yà galago, èyí tí í ṣe orúkọ ìmọ̀ fún búṣì-béébì, tí wọ́n wà nínú igbó ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà kéré gidigidi. Ọ̀kan nínú wọn kò wúwo ju ẹyin adìẹ kan lọ púpọ̀, kòkòrò àti oje igi ni ó ń jẹ, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín. Galago ńlá tí ẹkún rẹ̀ dà bí ti ọmọ ọwọ́ ní tòótọ́ kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá, ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Fún ìdí èyí, orúkọ tí ó bá ìwé wọlé láti ibòmíràn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi bo igbe tí ó wà ní etí wọn, ọ̀fàfà tí ó ṣeé ṣe kí ó ni igbe náà kò sì sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ kankan tí a fi lé wọn lọ́wọ́. Ọmọ ọdẹ tí ó wà láàárín wọn lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ nínú ilé-ìwé girama ìgbà náà kò fẹ́ kí a mọ̀ ọ́n sí ọmọ oko.

Kò yẹ kí a sọ pé ìgbà náà dára nítorí pé ó ní adùn lẹ́nu. Ẹ̀rù náà ní àwọn tí ó san owó rẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run dá ní kúkúrú tí ó bá pẹ́ lọ́nà oko lè pàdé òkúta tàbí àdá lọ́wọ́ ẹni tí ó rò pé egbére ni òun rí, ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń yọ lẹ́nu tí ó sì ń sunkún kiri ní òru kì í rí aláàánú tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Òwìwí tí ó bà sórí òrùlé, potto inú àgò, àti gbogbo ẹran tí ìrísí wọn kò bá ojú mu ni wọ́n ń pa, tí wọn kì í sì í jẹ, tí wọ́n ń fi epo sun sí oríta. Àwọn obìnrin tí ó gbọ́dọ̀ pọn omi ṣáájú àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó sì ń ru ìnira tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù kò dá omi pọn dúró, ó kàn mú kí ọ̀nà odò gùn sí i ni. Bí àwọn ènìyàn bá ń fi ẹ̀rín rántí rẹ̀ lónìí, ó jẹ́ nítorí pé àwọn tí ó rántí ni àwọn ọmọdé tí wọ́n wà lábẹ́ aṣọ, wọn kì í ṣe àwọn tí ó ru ìkòkò.

Bí igbe náà ṣe dín kù kò ní ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú. Ọ̀fàfà nílò igi àgbà tí ó ní ihò, igi àgbà sì ni àwọn agégẹdú kọ́kọ́ ń wá. Igbó ìjọba tí ó wà ní Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn igbó tí ó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé ní ọdún 1977, ti pàdánù apá tí ó pọ̀ nínú igi àdáyébá rẹ̀ fún oko igi mẹlínà tí a gbìn ní ìlà ní ìlà, tí kò ní ihò, tí kò sì ní èso tí ẹranko ìbílẹ̀ mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oko kòkó ń wọ inú rẹ̀ láti gbogbo ìhà. Ní ẹ̀bá àwọn ìlú, ilẹ̀ ẹ̀yìn odi tí a ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ di ilé epo, ilé ìjọsìn àti ilé ayálégbé. Ìró ẹ̀rọ amúnáwá ń lọ láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, débi pé bí ẹranko kan bá tilẹ̀ ṣẹ́kù sórí igi àgbọn ilé kẹta, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ.

Ìtara àwọn ènìyàn kò bá igbe lọ, ó kàn ṣí kúrò níbẹ̀ ni. Lóde òní, inú fóònù ni ẹranko àràmàǹdà ti ń jáde, pẹ̀lú fídíò tí kò ní ọjọ́ tí kò ní ibi, tí ẹnì kan kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ní abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀ tàbí ní ọ̀nà Ìkirè ni wọ́n ti rí i. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó tí kò sùn ní ẹ̀bá igbó rí lè tẹ bọ́tìnnì kí wọ́n gbọ́ ẹkún búṣì-béébì, wọ́n a sì wárìrì, láìmọ̀ pé galago ńlá ti gúúsù Áfíríkà ni ó ń sunkún sí wọn létí, ẹranko tí baba ńlá wọn kankan kò gbọ́ rí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbà méjèèjì kò sí nínú òtítọ́ tàbí irọ́, nítorí pé irọ́ pọ̀ nínú méjèèjì. Ẹni ìgbà àtijọ́ tí ó ń parọ́ nípa egbére ní ohùn gidi kan tí ó ń parọ́ mọ́, ó sì ní bàbá ọdẹ kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò tí ó lè jáwèé olúborí lé e lórí bí ó bá fẹ́ gbọ́. Ẹni tí ó fi fídíò ránṣẹ́ lónìí kò ní igbó kankan tí ó lè mú ẹnikẹ́ni lọ wò, àríyànjiyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ yóò sì ti tán kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ọdún 2021 ṣe sún mọ́ iṣẹ́ bàbá ọdẹ yìí ju bí ó ṣe hàn lójú lọ. Wọ́n gbá igbe tí ó tó 418 jọ, wọ́n fi wọ́n wé ara wọn, wọ́n wọn agbárí ọ̀fàfà tí ó wà nílé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n yẹ ohun àjogúnbá inú ara rẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ sì fẹnu kò pé ẹranko àárín odò méjì kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Rachel Ikemeh, ọmọ Nàìjíríà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìdáàbòbò ẹranko nínú igbó ìwọ̀-oòrùn gúúsù fún ọdún púpọ̀, wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Ibi tí ọ̀nà wọn ti yàtọ̀ ni pé ọdẹ kò rìn dé Gánà, nítorí náà kò mọ̀ pé ọ̀fàfà mìíràn wà tí kì í gbó. Ti abẹ́ ègùn rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀, kò sì sí ìdí kankan tí yóò fi pe é ní tuntun.

Ìmọ̀ ti abẹ́ ègùn náà kò tíì tán pátápátá. Ní igbó Ọmọ, àwọn kan tí wọ́n ti jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀ ti di ẹ̀ṣọ́ tí ń rìn kiri láti dá agégẹdú àti ọdẹ dúró, tí wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn erin tí ó ṣẹ́kù níbẹ̀, àwọn ìbátan ọ̀fàfà tí ó tóbi jù lọ. Wọ́n mọ ipasẹ̀, wọ́n mọ ìdọ̀tí ìdí igi, wọ́n sì mọ ẹni tí ó ni igbe. Etí tí ó ti ń fi ìgbà kan wá ẹran ọbẹ̀ ni a ń san owó oṣù fún báyìí kí ẹran náà lè máa ké.